Ìwé kíkà láàárín ìkòkò, ọmọ àti iṣẹ́: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Ọlọ́mọ, Kútọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, àti ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni mo gbé wá. Kì í ṣe ìwé ìdánwò ni mo ń wí, kì í sì í ṣe èyí tí ọ̀gá ní ká kà níbi iṣẹ́. Ìwé ìtàn ni, èyí tí èèyàn á ṣí tán tí kò ní rántí mọ́ pé NEPA ti mú iná. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Àmọ́ látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, tí ọmọ sì ti dé, ojú ẹni tó ń fi àsìkò ṣòfò ni wọ́n fi ń wò mí bí wọ́n bá bá ìwé lọ́wọ́ mi. Ìyá ọkọ mi wá kí wa. Wọ́n fẹ́ràn mi, èmi náà sì fẹ́ràn wọn gan-an. Wọ́n bá mi lẹ́bàá ààrò, ẹ̀wà wà lórí iná, ìwé wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìdánwò wo lo tún fẹ́ ṣe?" Mo ní, "Kò sí ìdánwò kankan o, màámi, mo kàn ń kà á ni." Wọn ò bínú, orí ni wọ́n mì. Ó dùn mí, torí mo fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ìwé yẹn ń ṣe nínú ilé ọmọ wọn.

Ọjọ́ tí mo bá ti ka ìwé díẹ̀, ara mi máa ń balẹ̀. Bí ọmọ bá da omi sílẹ̀, màá ní kó lọ mú àkísà wá kó nu ún. Ọjọ́ tí n ò bá kà, igbe ni màá kọ́kọ́ ké mọ́ ọn. Ọkọ mi ló ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ yìí tó sì pe àkíyèsí mi sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé, tẹ́ ẹ ní iṣẹ́, tẹ́ ẹ sì ń kàwé, ìgbà wo lẹ ń rí i kà? Irú ìwé wo ni? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí àwọn ará ilé fi ń bá yín fọwọ́ sí i? Ẹ má wulẹ̀ ní kí n máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí, torí aago mẹ́rin ni mo ti ń jí tẹ́lẹ̀.

Aládìrẹ Ìtòkú

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, mo ní láti sọ tèmi.

Ìtòkú ni mo ti ń ta aṣọ, ẹ̀yìnkùlé wa la ti ń ṣe é. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ á mọ̀ pé ìdúró pọ̀ nínú rẹ̀ ju ìṣe lọ. A ó ro ẹ̀kọ láfún, a ó bu álọ́ọ̀mù sí i, a ó fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ funfun, a ó sì sá a. Títí ẹ̀kọ yẹn á fi gbẹ, kò sóhun tí ọwọ́ lè ṣe. Lẹ́yìn náà ló kan aró. Bí aṣọ bá ti ń jáde nínú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, atẹ́gùn ló máa sọ ọ́ di aró lójú ẹni. A ó jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a ó tún rì í bọ inú ìkòkò, a ó tún yọ ọ́, títí á fi dúdú débi tí a ń fẹ́. Gbogbo àsìkò ìdúró wọ̀nyẹn, ìwé ni mo ń kà níbẹ̀. Ìwé mi wà nínú ọ̀rá kí aró má baà ta sí i.

Torí náà, èmi ò wá àsìkò fún ìwé rí. Àsìkò ti wà nínú iṣẹ́ náà, kálukú ló máa wo inú iṣẹ́ tirẹ̀ kó wá a rí. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ gbé kaná yẹn, Àǹtí, ṣebí kò ní jinná kíákíá nítorí pé ẹ dúró tì í tẹ́ ẹ ń wò ó? Ó tọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń kàwé lẹ́bàá rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Sókè ni mo ń kà á. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbọ́. Ìyá àgbà kan wà láàárín wa tí wọn ò mọ̀wé rárá. Bí mo bá dákẹ́ lójijì, wọ́n á ní, "Ó tán ni? Ṣé wọ́n rí ọmọ yẹn?" Àtìgbà náà ni kò ti sí ẹni tó ń pè mí ní ọ̀lẹ tí mo bá gbé ìwé dání. Àwọn gan-an ló ń rán mi létí pé kí n má gbàgbé ẹ̀ sílé.

Oníṣọ́ọ̀bù Pànṣẹ́kẹ́

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi tọkàntọkàn, kí ẹ má sì bínú sí mi.

Èmi náà ń kàwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí àsìkò rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fi ń ṣe. Ìtàn àròsọ kì í san owó ilé. Ìwé tí ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú owó, bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ọjà, irú ìwé yẹn ló yẹ kí òbí máa kà. Inú ọ̀kan nínú wọn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ. Tẹ́lẹ̀, àpótí kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà: ọmọ fẹ́ ra bírẹ́dì, inú ẹ̀ la ti mú un, ọjà fẹ́ wọlé, inú ẹ̀ náà la tún yíjú sí. Nígbà tí mo pín in sí méjì, mo wá mọ èyí tó jẹ́ èrè gan-an. Ṣọ́ọ̀bù mi ń dúró dáadáa lónìí, ìwé wà lára ohun tó gbé e ró.

Ẹ sọ fún mi, ìtàn ìjàpá wo ló lè ṣe ìyẹn?

Ọmọ Láfẹ́nwá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì ọ̀gbìn tó wà ní Alábàtà, ni mí. Láti Láfẹ́nwá dé Alábàtà jìn, orí fóònù ni mo ti ń kàwé nínú ọkọ̀. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní: ẹ pa dátà kẹ́ ẹ tó ṣí ìwé. Tí WhatsApp bá ti dún lẹ́ẹ̀kan péré, ojú ìwé tẹ́ ẹ wà lẹ máa wà dọ̀la. Kẹ́ ẹ sì ti gba ìwé náà sórí fóònù látilé, kó má jẹ́ pé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí ni yóò ti máa yí bírí bírí.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Aké

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí sì ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Oníṣọ́ọ̀bù, ọmọ dáadáa, ohun tó o sọ lágbára, mi ò sì ní fojú kéré rẹ̀. Jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì já gaara lórí ìwé, orí àtidá ọ̀rọ̀ mọ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀ máa ń tán sí. Kó tó dé ìparí gbólóhùn, ó ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ra gbogbo ìwé ìṣòwò tó wà lọ́jà, kò ní ka èyíkéyìí parí. Ohun tó ń mú kí ojú já gaara ni kíka púpọ̀, kò sì sí ẹni tó máa ń ka púpọ̀ nínú ohun tí kò dùn mọ́ ọn. Mo rí i léraléra ní kíláàsì. Ọmọ tí mo ti fi ìwé ẹ̀kọ́ bẹ̀ títí tí kò gbà, bí mo bá fún un ní ìtàn ọdẹ tàbí ìtàn ọmọ òrukàn, á mú un lọ sílé. Láàárín táàmù kan, ìṣirò onígbólóhùn tí kò lè kà tẹ́lẹ̀, á máa kà á geere. Ìgbádùn ló ń ṣíwájú, ìlọsíwájú ló ń tẹ̀ lé e. Bí a bá yí i padà, ọ̀pọ̀ ni kì í bẹ̀rẹ̀ rárá. Bóyá ìwọ náà, Oníṣọ́ọ̀bù, ìtàn kan ló kọ́kọ́ fa ojú rẹ mọ́ ìwé nígbà tó o wà ní kékeré.

Ẹ wo ìlú tí a wà yìí náà. Abẹ́òkúta níbí ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí ti jáde, lọ́dún 1859: Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Henry Townsend, àlùfáà CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá a sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde, ọgọ́fà owó ẹyọ sì ni wọ́n ń tà á. Ohun tí Townsend ń lé ni pé kí ó mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wá ìmọ̀. Ìròyìn ìjọ wà nínú rẹ̀, ẹni tó wọ̀lú àti ẹni tó jáde wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà òwú náà kò sì gbẹ́yìn. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ayé kálukú jọ wà nínú ìwé kan náà. Nígbà Ìfọ́lé, ní 1867, ni ó dópin, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ìjọ kúrò nílùú. Kò ju ọdún mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó bẹ̀rẹ̀ kò kú.

Amos Tutùọlá, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí ní 1920, kò rí ilé ìwé lọ púpọ̀. Mẹ́sẹ́ńjà ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba l'Ékòó nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ìtàn ọ̀mu ẹmu àti òkú ọ̀run ló sì kọ, irú èyí tí àwọn àgbà ń pa fún ọmọdé lójú òṣùpá. Ìtàn yẹn ló gbé orúkọ mẹ́sẹ́ńjà ká gbogbo ayé.

Oníṣọ́ọ̀bù Pànṣẹ́kẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Òtítọ́ ni, ìtàn Ìjàpá nínú Aláwìíyé ni mo kọ́kọ́ kà tí mo fi mọ̀ pé ìwé lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo ṣì dúró lórí ìdajì ọ̀rọ̀ mi: bàbá ọlọ́mọ tó bá ń ka ìtàn nìkan, tí kì í ka nǹkan kan nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ti fi apá kan sílẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Aké

Èyí tó o sọ yìí, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ojú wá, torí mo mọ̀ pé ó ń dá ọ̀pọ̀ dúró láìjẹ́ pé wọ́n fura.

Bí èèyàn bá ti ń súnmọ́ ogójì ọdún tàbí tó bá ti kọjá rẹ̀ díẹ̀, awò inú ẹyinjú máa ń le, kì í tẹ̀ mọ́ bó ṣe ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó wà lókèèrè á ṣì hàn kedere, ṣùgbọ́n lẹ́tà kékeré ìtòsí á di wúruwùru. Ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í na ìwé jìnnà, orí á máa fọ́ ọ, lẹ́yìn ojú ìwé díẹ̀ á pa á dé. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní ìwé ti sú òun. Kò sú u. Awò ojú ló nílò. Gbogbo èèyàn ni ó máa ń dé bá, kì í ṣe àìsàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò dáadáa kẹ́ ẹ tó ra awò, ẹ má kàn mú èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí lórí àtẹ lẹ́bàá títì, torí ojú ọ̀tún àti tòsì lè má dọ́gba, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe ojú náà.

Ti iná: ẹ gbé àtùpà sí ẹ̀yìn èjìká, kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí ìwé, kó má bọ́ sójú yín. Àtùpà tí a fi ń gba iná pamọ́ tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn lẹ́yìn kíkà, ìwé bébà ló dára ju fóònù lọ, torí ìmọ́lẹ̀ fóònù máa ń lé oorun. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, ìwé ni mo fi ń pe oorun. Láìsí i, gbogbo ohun tí mo rí ní wọ́ọ̀dù lóru á máa yí lórí mi.

Ìyá Ọlọ́mọ, ó ṣeé ṣe kí Màámi ní ojú tó ń dà wọ́n láàmú náà. Ẹ bi wọ́n lọ́wọ̀ lọ́wọ̀ bóyá wọ́n ń kàwé nígbà kan rí.

Ìyá Ọlọ́mọ, Kútọ̀

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín! Mo bi wọ́n lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn ka ilé ìwé Modern dé kíláàsì kejì, àwọn sì máa ń ka Bíbélì àti ìwé orin fún gbogbo ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà wo ni wọn ò ti kà á mọ́? Wọ́n ní lẹ́tà ti kéré jù. Mi ò mọ̀ rárá. Ọkọ mi máa mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò.

Aládìrẹ, ọ̀rọ̀ kíkà sókè yẹn, mo fẹ́ mọ̀ sí i. Ṣé àwọn ọmọ ò ní máa sáré kiri?

Bàbá Ìbàrà

Ọmọ mi, jẹ́ kí n bá Aládìrẹ gbé e.

Wọ́n á sáré kiri. Jẹ́ kí wọ́n sáré. Etí wọn wà lọ́dọ̀ rẹ. Ní ilé tiwa, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni a ń kà, èmi àti ìyá wọn la ń gba ara wa: bí ohùn mi bá há, wọ́n á gbà á. Àwọn ọmọ-ọmọ á máa ṣeré lórí ẹní, ẹ ó rò pé wọn ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fo ìlà kan wò, wọ́n á ní, "Bàbá àgbà, ẹ fo nǹkan kan!"

Ìwé J. F. Ọdúnjọ la fi bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ Ìbàrà wa níbí ni wọ́n, wọ́n bí wọn ní 1904. Gbogbo ènìyàn ló mọ Aláwìíyé wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìwé ìtàn wọn, Kúyẹ̀, tó jáde ní 1964, kò pọ̀ mọ́. Ìtàn ọmọ òrukàn kan ni, tí kò gbọ́ràn tí kò sì lè sọ̀rọ̀, tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́ ẹbí. Nígbà tí a dé ibi tí ìyà náà pọ̀, ọmọ-ọmọ mi obìnrin bú sẹ́kún, ó ní ká má pa ìwé dé títí ara Kúyẹ̀ á fi yá. Oorun ti ń kun ìyá àgbà rẹ̀, a kò sì lè dá a dúró. Ọmọ yẹn kò fi ọmọ aládùúgbò tí kò gbọ́ràn ṣẹ̀sín mọ́. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Èmi àti ìyá wọn sọ ọ́ láàárín ara wa pé ìwé yẹn ló bá wa ṣe é.

Ẹ ka Yorùbá fún wọn o. Gẹ̀ẹ́sì á dé ilé ìwé bá wọn. Ibi tí a bá ti ka Yorùbá sókè nínú ilé, òwe àti àkànlò èdè tí ọmọ ò ní gbọ́ lẹ́nu tẹlifíṣọ̀n á wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé a jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ ọkọ náà kù: ẹ̀yin ọkùnrin, bí ìyàwó yín bá ń kàwé, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Aládìrẹ Ìtòkú

Bàbá, ẹ kú orí ire. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri.

Àǹtí Kútọ̀, tí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí lobìnrin ilé fẹ́ fi ìwé ṣe, ẹ sọ ìtàn Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fún un. Àwọn ìyá tó kàwé ló pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ nílùú yìí, Abeokuta Ladies' Club. Ní nǹkan bí 1944 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà àti kíkọ. Àwọn ìyá alátà, aláṣọ, onírẹsì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti palẹ̀ ọjà mọ́, wọ́n á wá jókòó kọ́ A B D. Bí wọ́n ṣe jọ ń jókòó yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ obìnrin, ìrẹsì tí ìjọba ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹgbẹ́ yẹn ló di Abeokuta Women's Union, àwọn náà ló sì ja ìjà owó orí títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Àwọn obìnrin tó ní ìkòkò lórí iná, tó ní ọmọ lẹ́yìn, ni wọ́n. Ìyá ìyá mi máa ń dárúkọ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Èmi ń kọ́ ìyá àgbà wa ibi iṣẹ́ yẹn ní lẹ́tà báyìí. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ́ àwọn, nítorí pé ó sú wọn láti máa dúró dè mí kí wọ́n tó mọ ibi tí ìtàn já sí. Wọ́n ti lè kọ orúkọ wọn sára ìdì aṣọ tiwọn.

Ọmọ Láfẹ́nwá

Ẹ̀gbọ́n Aládìrẹ, mo ka èyí nínú ọkọ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí mo ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù Pànṣẹ́kẹ́

Ìbéèrè: níbo la ti ń rí ìwé Yorùbá rà tí kò wọ́n? Àwọn ọmọ mi méjì ti tó kàwé.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Aké

Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù. Wo abẹ́ ìwé ìdánwò tí wọ́n tò sókè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ìwé Yorùbá sí. Bi àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ wa ló ní àpótí ìwé lábẹ́ ibùsùn. Tó o bá fẹ́ kí wọ́n rí ibi tí ìwé pọ̀ sí kí ojú wọn là, mú wọn lọ sí ilé ìkàwé Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ní Òkè-Mósàn. Àjọ̀dún ìwé Aké náà, tí Lọlá Ṣónẹ́yìn dá sílẹ̀ ní 2013, Kútọ̀ níbí ni wọ́n ti ń ṣe é fún ọdún mélòó kan kó tó kó lọ sí Èkó ní 2018. Ó ṣì ń dùn mí pé ó kúrò. Àwọn ọmọ ilé ìwé wa máa ń rí òǹkọ̀wé lójúkojú níbẹ̀, wọ́n á bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n á sì mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló ń kọ ìwé.

Ohun kan sì rèé: jẹ́ kí wọ́n rí ìwé lọ́wọ́ ìwọ fúnra rẹ. Wọlé Ṣóyínká sọ nínú ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ pé òun kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí òun gbé ìwé bàbá òun dání, tí òun tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n òun lọ sílé ìwé ní Aké níbí. Ọmọ tó bá ìwé nínú ilé ni.

Ìyá Ọlọ́mọ, Kútọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ń fi ìwé mi sínú ọ̀rá lẹ́bàá ààrò báyìí, gẹ́gẹ́ bí Aládìrẹ ṣe wí. Màámi máa wá sọ́dọ̀ wa lópin ọ̀sẹ̀, awò ojú wọn á ti jáde. Mo fẹ́ kí àwọn gan-an ka ìwé sókè fún àwọn ọmọ, kì í ṣe èmi. Ohùn wọn dùn, wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró mí.

Bàbá Ìbàrà, ẹ jọ̀wọ́ sà, mo wá Kúyẹ̀ lọ́jà, n ò rí i. Ṣé ẹ lè yá wa?

Bàbá Ìbàrà

Méjì ni mo ní. Kí ọkọ rẹ wá mú ọ̀kan lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya díẹ̀, ẹ fi bébà kàlẹ́ńdà bò ó. Ẹ má dá a padà kí Màámi tó kà á tán.